Bí Mo Ṣe Lọ Bẹ Ìkookò Padà sí Igbó Ọ̀dànlá

Ẹni tí ó bá ní iṣu lórí iná, kí ó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ báyìí. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kí ó lọ bọ́jú. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìtàn yìí lábọ̀, nítorí àgbọ́ìgbọ́tán ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìlú yìí ká. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí ọmọ Ọdẹ́ṣọlá, ọdẹ tí ẹfọ̀n rí tí koríko bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá ń yangàn, ẹ jẹ́ kí n yangàn o. Ẹran tí ọdẹ kò bá fi ẹnu pa lẹ́ẹ̀kejì, kì í dùn lọ́bẹ̀. Mo sì rí yín, láti ìgbà tí mo ti jókòó ni ẹ ti ń wo èjìká mi. Ẹ̀ ń wí nínú yín pé, irú ọdẹ wo ni èyí tí kò gbé ìbọn, tí ó jẹ́ pé ọ̀pá lásán ni ó fi ń tilẹ̀? Ẹ fara balẹ̀. Ibi tí ìbọn náà wà, ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn débẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé kò mọ̀ pé láyé àwọn baba wa, ìkookò kún inú igbó Ọ̀dànlá yìí. Ẹranko tí iwájú rẹ̀ ga tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ni, tí ń rìn bí ẹni tí ó fẹ́ jókòó ṣùgbọ́n tí kò rí àpótí. Ẹnu rẹ̀ a máa fọ́ eegun itan ẹfọ̀n bí ẹ̀yin ṣe ń fọ́ ẹ̀pà, bí ó bá sì yó tán, a máa rẹ́rìn-ín bí ènìyàn. Wọ́n ń gbé ewúrẹ́, wọ́n ń gbé àgùntàn, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé àjẹ́ ní ń gùn wọ́n rìn. Ni àwọn baba wa bá dìde, wọ́n fi ìbọn àti pàkúté dojú kọ wọ́n, títí èyí tí ó ṣẹ́ kù fi bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìlú jó, ìlú mu ẹmu. Àṣé bí ológbò bá kúrò nílé, ilé a di ilé èkúté. Túùkù, ẹlẹ́dẹ̀ inú igbó tí ẹ mọ̀ yìí, bí, ó tún bí. Kò sí ẹni tí ń lé e, ó sì gbàgbé pé ó yẹ kí òun máa sá. Àwa ọdẹ yìnbọn títí ètù fi wọ́n, bí a bá pa ọ̀kan, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a dúró máa wò wá bí ẹni ń wo eégún. Wọ́n wa iṣu kí ó tó ta, wọ́n wó àgbàdo, wọ́n hú ẹ̀gẹ́ tìdítìdí. Èyí tí àìsàn bá pa nínú wọn a kú sétí odò, kò sí ẹni tí yóò jẹ òkú rẹ̀, odò náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, inú sì ń run àwọn ọmọ wa.

Ni Ọlọ́dàn, ọba wa, bá pe gbogbo ìlú jọ sábẹ́ igi ọ̀dán iwájú ààfin. Òjélàdé, olórí àwọn àgbẹ̀, ni ó kọ́kọ́ dìde. Ọkùnrin tí ó le ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ó ní, "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Oko mi tí ẹ mọ̀ yẹn, túùkù ti fi ṣe ilé. Aáyán kì í yan lẹ́sẹ̀ adìẹ, ṣùgbọ́n túùkù ń yan lójú èmi àgbẹ̀! Ẹ jẹ́ kí a kó kúrò níbí."

Ọlọ́dàn mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mo ti ránṣẹ́ tọrọ ilẹ̀ lápá ìsàlẹ̀ odò. Bí iṣu tuntun bá jáde tí wọ́n bá tún jẹ ẹ́, a jẹ́ pé Ọ̀dànlá tú nìyẹn. Kí olúkúlùkù lọ dágbére fún ibojì bàbá rẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ ibojì yẹn wọ̀ mí lára. Bàbá mi wà nínú ilẹ̀ yìí, ìyá mi wà níbẹ̀, ọmọ mi àkọ́bí tí kò pẹ́ láyé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ta ni yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí a bá lọ? Ṣé túùkù ni? Kí n tó mọ̀, mo ti dìde, mo sì ti dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ má kó ìlú lọ. Ẹ jẹ́ kí n lọ bẹ ìkookò padà."

Ariwo tí ó sọ lọ́jọ́ náà, ẹyẹ orí igi kò dúró gbọ́ ọ tán. Àwọn kan ní orí mi ti yí. Àwọn kan ní òótọ́ ni mo sọ, pé olóko ni ó ń jìyà, àwọn tí kò ní ju ewúrẹ́ méjì lọ ni wọ́n ń pariwo. Àwọn elẹ́wúrẹ́ dá wọn lóhùn pé ẹni tí ó bá fẹ́ ìkookò kí ó lọ sọ ọ́ mọ́ yàrá ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà pín ìlú sí méjì, ó pín agbo ilé, mo mọ tọkọtaya kan tí wọn kò jẹun nínú àwo kan mọ́ nítorí rẹ̀. Nígbà náà ni Ìyá Ìbídùn dìde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ó jẹ́ fún yín. Ìyá arúgbó ni, kò ga, ohùn rẹ̀ sì ju ara rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó ní ewúrẹ́ tó o ní Ọ̀dànlá. Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, bàbá rẹ̀ fún un ní abo ewúrẹ́ funfun kan kí ó máa sìn, ìkookò sì gbé e lọ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ó bá ń so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, ó ní láti kọ́kọ́ kọjú sí igbó kí ó bú ìkookò dáadáa. Ìyá rẹ̀ ń bú u bẹ́ẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ náà sì bú u. Èébú àjogúnbá ni. A ti gbọ́ èébú náà títí a kò gbọ́ ọ mọ́, bí ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá ọlọ kì í ti gbọ́ ariwo ọlọ. Ó na ìka sí mi lójú gbogbo ìlú, ó sì bẹ̀rẹ̀:

"Ìkookò ọ̀bùn, a-bìdí-wọlẹ̀ bí àga tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kán,
A-fọ́-eegun-bí-ẹni-fọ́-ẹ̀pà,
Ó jẹ ẹran tán, ó jẹ awọ,
Ó jẹ awọ tán, ó jẹ okùn tí a fi so ó,
Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní èèkàn ńkọ́?
Ìyá rẹ kò fún ọ níwà, eyín nìkan ló fún ọ!"

Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín, títí kan Ọlọ́dàn. Ìyá Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ Ọdẹ́jìnmí, èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ, ẹsẹ̀ ni o fi kọ́kọ́ jáde, mo sì ti mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ọ̀nà burúkú ni o ó máa rìn. Bí o bá mú nǹkan náà wá tí ó fọwọ́ kan ewúrẹ́ mi, ìwọ ni n ó so mọ́ èèkàn rẹ̀."

Mo ní, "Ìyá, mo gbọ́." Ọlọ́dàn ní kí n máa lọ, ṣùgbọ́n kí n rí i pé mo dé kí iṣu tó tóbi. Mo gbé Kògbẹ́bẹ̀ kọ́ èjìká. Orúkọ ìbọn bàbá mi nìyẹn, nítorí ẹran tí ó bá ti dojú kọ, ẹ̀bẹ̀ kò ràn án mọ́. Mo di gúgúrú àti ẹ̀pà sápò, mo sì lọ. N kò ní í sọ ti ìrìn fún yín. Gbogbo yín ni ẹ ní ẹsẹ̀, ẹ mọ bí a ti ń rìn.

Ibi tí igbó wa parí sí, tí igbó tí kò ní orúkọ ti bẹ̀rẹ̀, ni mo ti bá ọkùnrin kan lórí gbòǹgbò ìrókò. Etí rẹ̀ fẹ̀ ju atẹ tí àwọn obìnrin fi ń fẹ́ èlùbọ́ lọ. Ó tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ ó jókòó lé e, ó fi èkejì ṣíji bo orí nítorí oòrùn. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o, bàbá." Ó ní, "Mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ láti ìgbà tí o ti ń wá bàtà nílé. Ta ni ọ́?" Èmi náà fẹ̀. Mo ní, "Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ tí kì í tàsé!" Kíá ni etí òkè náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n gìrìgìrì bí ewé kókò tí òjò ń lù. Ó ní, "Irọ́ ni. Etí mi kò gba irọ́. O tàsé àgbọ̀nrín kan lẹ́bàá igi ọsàn, o sì sọ nílé pé ọmọ rẹ̀ ni o ṣàánú." Ẹ̀yin ará, ojú tì mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àgbọ̀nrín náà yára ni.

Ó ní, "Ẹni tí yóò kọjá níbí yóò dá mi lóhùn. Kí ni ohun tí a lé jáde nílé láàárọ̀, tí a tún ń fi ìdààmú wá nírọ̀lẹ́?"

Mo ní, "Adìẹ ni. Ìlú wa sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìkookò, àárọ̀ ni àwọn baba wa lé e, ìrọ̀lẹ́ ti lé àwa bá."

Ó mi orí. Etí rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ní, "Ta ni ń jẹun lóko tí kò gbìn, tí olóko sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má lọ?"

Mo rò ó títí. Mo wá rántí oko Òjélàdé nígbà tí ó ṣì jẹ́ oko. Mo ní, "Lékèélékèé ni, nítorí tata ni ó ń jẹ, kì í jẹ ewé."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹnu rẹ mú. Ó wá ku ọ̀kan. Ẹni tí ò ń lọ bẹ̀, kí ni oríkì rẹ̀?"

Mo la ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi Ọdẹ́jìnmí, tí mo lè ki erin láti àárọ̀ títí omi yóò fi gbẹ lágbada, tí mo lè ki ẹfọ̀n kí omi bọ́ lójú ẹfọ̀n! Nínú gbogbo ìjálá tí àwa ọdẹ ń sun, kò sí ẹni tí ó ki ìkookò rí létí mi. Bàbá náà wò mí pẹ̀lú àánú. Ó ní, "Máa lọ. Èmi kọ́ ni yóò pa ọ́ bí o kò bá mọ̀ ọ́n." Ó gbé etí ìsàlẹ̀ sókè bí aṣọ ìkélé, mo sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Igbó tí mo bọ́ sí kò ní ewé nísàlẹ̀. Gbogbo igi kékeré ni a ti jẹ, àwọn igi ńlá dúró láìní ọmọ lẹ́sẹ̀. Mo ń wò ó tìyanu-tìyanu ni túùkù bá yí mi ká lápá ọ̀tún, lápá òsì, lẹ́yìn. Wọ́n tì mí títí dé iwájú ọba wọn. Ẹ̀yin ènìyàn, ọba túùkù sanra tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò fi yà sọ́tọ̀ mọ́. Orí òkìtì iṣu ni ó jókòó sí. Mo wo iṣu náà dáadáa, mo mọ̀ ọ́n, iṣu Ọ̀dànlá ni.

Ó ní, "Ọdẹ, a ti gbọ́ ohun tí o ń lọ ṣe. Kí ni ìwọ àti ìkookò jọ jẹ́? Ọdẹ ni ọ́, ọdẹ ni òun náà, ẹ̀ ń du ẹran kan náà. Padà sílé. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi yóò wá dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ fúnra rẹ̀. Ìwọ yóò kàn mú ọ̀bẹ ni."

N kò ní í purọ́ fún yín, nítorí ó ṣeé ṣe kí etí bàbá yẹn ṣì máa gbọ́. Itọ́ dà lẹ́nu mi. Ẹran láìrìn, láìfarapamọ́, láìjẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ mí! Mo ti fẹ́ sọ pé kí ó fi ìmúra sí i, ni mo bá gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn mi. Mo wẹ̀yìn. Abo ẹtu kan ni, ó ti gbó, ó gbẹ, ọmọ rẹ̀ sì rọ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wú ikọ́ náà bákan náà. Mo wá wo àwọn túùkù tí ó yí mi ká. Èyí ń tiro, egbò ti jẹ èyí dé eegun, èyí kò ní irun lára mọ́. Ọba nìkan ni ó sanra.

Ẹtu náà sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ sí mi létí. Ó ní, "Ọdẹ, má gbọ́ tirẹ̀. Ìkookò jẹ ìyá mi, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wà, aláìsàn ni ó ń mú lọ kí àìsàn náà tó ràn wá. Ó ń lé wa kúrò lójú kan, ewé tí a fi sílẹ̀ lẹ́yìn a sì hù. Ní báyìí, a jókòó sójú kan, a jẹ ilé wa tán, àwọn ọmọ mi kò mọ eré sísá. Bá mi pè é kí ó padà wá lé wa."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹran jíjẹ sọ fún èmi apẹran! Òun ni ó fún mi ní ọkàn. Mo ní, "Kábíyèsí Túùkù, mo dúpẹ́, n kò gbà." Ó bú ramúramù, gbogbo wọn sì dorí kodò wọ́n ń bọ̀ wá mú mi, ìwo ẹnu wọn ń dán yanran. Kògbẹ́bẹ̀ kò lè pa ju ọ̀kan lọ nínú irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ni mo ṣe? Mo di etí méjèèjì, mo gbé ojú sókè, mo sì rẹ́rìn-ín ìkookò bí bàbá mi ti máa ń sín in jẹ fún wa nílé. Háà! Kò sí túùkù kan níbẹ̀ tí ó tíì gbọ́ ẹ̀rín náà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wọn gbọ́ ọ. Wọ́n fọ́nká. Ọba wọn yí gbirigbiri lórí iṣu, ó kọ́ eré sísá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ó sì kọ́kọ́ wọ inú igbó lọ ni abo ẹtu náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó ń fò bí ọmọge. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kì í.

Ẹ̀rín mi kò tíì tán lẹ́nu tí ẹ̀rín mìíràn fi dá mi lóhùn láti orí òkè àpáta. Kì í ṣe àfarawé. Mo gùn ún lọ. Mo bá wọn nínú ihò àpáta lójú ọ̀sán gangan, wọ́n nà gbalaja lórí òkúta tútù. Abo ni ó ń ṣe olórí wọn. Àwọn akọ jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń dúró de ohun tí yóò sọ. Ìyáálé Ìkookò ti dàgbà, etí rẹ̀ kan ya wálẹ̀, ọta ìbọn baba ẹnìkan ni ó ya á. Ẹ̀yin ará mi, mo ti rí erin, mo ti rí ẹkùn, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹranko tí ojú rẹ̀ wo inú mi tó bẹ́ẹ̀. Ọrùn rẹ̀ nípọn, èjìká rẹ̀ ga, kò yára, kò jáyà, ó ń wò mí bí ìyá ọkọ ṣe ń wo ìyàwó tuntun. Ọ̀bùn ni wọ́n ń pè é nílé wa. Ihò rẹ̀ mọ́ ju iwájú ilé mi lọ, kò sí eegun kan nílẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Ẹwà rẹ̀ wọ̀ mí lójú, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Ó ní, "Ọmọ ẹni tí ó lé wa, kí ni o wá ṣe?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Mo wá bẹ̀ yín kí ẹ padà sílé."

Ó ní, "Ilé? Ibi tí a bá ti ń ki ènìyàn ni ilé rẹ̀. Ọdẹ ń ki erin tí ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pa, ó ń ki ẹkùn tí ó fẹ́ fà á ya. Bí oríkì wa bá wà lẹ́nu ará Ọ̀dànlá, kì í kí a gbọ́. Bí kò bá sí, irọ́ ni o wá pa, ẹni tí ó bá sì wá purọ́ fún wa nínú ilé wa kì í padà jáde."

Àwọn yòókù dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dí ẹnu ihò. Mo gbọ́ eyín tí ń pàdé eyín. Mo wá gbogbo ìjálá inú mi, mo wá ti bàbá mi, mo wá ti bàbá ńlá mi, mo bá erin, mo bá ẹfọ̀n, mo bá ọ̀bọ pàápàá, n kò bá ìkookò. Ọ̀kan nínú wọn ti ń gbóòórùn gìgísẹ̀ mi. Mo ní nínú ara mi pé, Ọdẹ́jìnmí, ó parí, Ọ̀dànlá tú nìyẹn, Ìyá Ìbídùn yóò sì yọ̀ mí ni. Bí mo ti dárúkọ rẹ̀ nínú ọkàn mi, bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ dún létí mi bí ó ti ń dún nírọ̀lẹ́. Oríkì wo ni a kì fún ẹranko tí kò ní èébú nínú? Ṣé a kì í pe ọ̀bọ ní olójú jíjìn ni? Ṣé a kì í bú erin pé ọ̀kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀? Nígbà tí àwa ọkùnrin gbé ìbọn tì í tí a sì gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn obìnrin elẹ́wúrẹ́ kò gbàgbé. Mo gbé ohùn sókè, mo sì bẹ̀rẹ̀: "Ìkookò ọ̀bùn, a-bìdí-wọlẹ̀ bí àga tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kán..."

Mo ń kì í lọ. Nígbà tí mo dé ibi tí ó ti jẹ okùn tán, tí ó bojú wẹ̀yìn tí ó bèèrè èèkàn, ọ̀kan nínú àwọn akọ bú sẹ́rìn-ín, òmíràn gbè é, gbogbo ihò náà sì di ẹ̀rín. Ìyáálé nìkan ni kò rín. Omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá ìyá mi ni ó ṣe ti okùn yẹn. Ta ni ó ṣì rántí rẹ̀?"

Mo ní, "Ìyá arúgbó kan tí ó kórìíra yín gidigidi ni."

Ó ní, "Ẹni tí ó kórìíra wa tí kò gbàgbé wa sàn ju ẹni tí ó gbàgbé wa lọ. Jókòó kí a sọ̀rọ̀. Bí a bá jẹ túùkù yín tán ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ bá wọn gbé láti ìṣẹ̀dálẹ̀, ẹ kò jẹ wọ́n tán. Àwa ọmọ ènìyàn ni a máa ń jẹ nǹkan tán."

Ó ní, "Bí ewúrẹ́ bá wà lójú ọ̀nà wa lálẹ́ ńkọ́?"

Mo ní, "A ó máa sé ewúrẹ́ mọ́lé kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Bí ẹnìkan bá kọ̀ tí kò sé e?"

Mo ní, "Ewúrẹ́ ẹni náà, tiyín ni. Ẹnikẹ́ni kò ní í yìnbọn nítorí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì yìn ín, kí ẹ máa lọ, kí ẹ má padà mọ́ láéláé."

Ó ní, "Ó dára. Ìwọ ń mú ohun tí ń pa ẹran nílẹ̀ wa lọ. Fi ohun tí ń pa ẹran nílẹ̀ tìrẹ sílẹ̀ fún wa." Ó sì wo èjìká mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè ìbọn, ó dáa, ẹ ti dé ibẹ̀. Mo sọ Kògbẹ́bẹ̀ kalẹ̀, mo fọwọ́ nù ún, mo bá a sọ ọ̀rọ̀ tí n kò ní í sọ fún yín, mo sì gbé e kọ́ sórí igi ayùnrẹ́ tí ó wà lẹ́nu ihò náà. Mo sunkún. Ọdẹ a máa sunkún, ẹni tí ó bá ní kì í sunkún kò tíì pàdánù nǹkan. Ìyáálé yan akọ kan àti abo méjì pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn fún mi, wọ́n sì tẹ̀lé mi bí mo ti ń kì wọ́n lọ lójú ọ̀nà.

Nígbà tí a dé, ìlú sá wọlé. Mo fi wọ́n sí igbó, mo lọ sọ àdéhùn náà fún Ọlọ́dàn, ó ní kí wọ́n kéde rẹ̀ ní gbogbo agbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n ké e kúrú. Túùkù tún kọ́ eré. Wọn kò lè jókòó sójú oko kan mọ́ títí wọn yóò fi jẹ ẹ́ tán, ewé hù sẹ́yìn wọn, òkú ẹran tán létí odò, omi náà sì mọ́ gaara. Iṣu tuntun jáde, Òjélàdé gbé ọ̀kan tí ó tó ọmọ kékeré wá sílé mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún mi, èmi tí ó jù lọ́jọ́ orí. Gbogbo ìlú ń sé ewúrẹ́. Ìyá Ìbídùn nìkan ni kò sé tirẹ̀. Ó ní èèkàn ni ìyá òun ń so ewúrẹ́ mọ́, òun kò ní í kọ́ ilé fún ewúrẹ́ nítorí olè.

Ohun tí ẹ ń rò náà ni ó ṣẹlẹ̀. A jí lọ́jọ́ kan, igbe ta lójúlé rẹ̀. Ewúrẹ́ rẹ̀ tí ó sanra jù ti lọ, abo funfun kan ni. Kí a tó dé ibẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ọkùnrin ti gbé ìbọn jáde, wọ́n ń pariwo pé àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n jẹ iṣu lánàá gbàgbé iṣu. Èmi dúró láàrin wọn láìní nǹkan lọ́wọ́ àfi ọ̀pá yìí, mo mọ̀ pé bí ìbọn kan bá dún, ìkookò lọ títí láé nìyẹn, túùkù padà, Ọ̀dànlá tú. Mo bẹ̀ wọ́n títí ohùn mi fi há. Ọlọ́dàn gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ìyá Ìbídùn ni ó ni ewúrẹ́. Ohun tí ó bá wí ni a ó ṣe."

Gbogbo ènìyàn wò ó. Mo ti ń na ọrùn sílẹ̀ fún okùn. Ìyá Ìbídùn kò wo ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí ó so ewúrẹ́ náà sí, ó wá awọ, kò sí. Ó wá okùn, kò sí. Èèkàn nìkan ni ó dúró, ojú eyín sì wà lórí rẹ̀ yí ká, bí ẹni tí ó tọ́ ọ wò tí ó wá rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìka kan ojú eyín náà. Èjìká rẹ̀ ń mì, a rò pé ó ń sunkún.

Ó ní, "Ó bèèrè èèkàn." Ẹ̀rín ni ó ń rín. "Ẹ wá wò ó, ó bèèrè èèkàn lóòótọ́!" Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ó dìde pẹ̀lú ìnira, ó sì wo àwọn ọ̀dọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ gbé ìbọn yín wọlé. Láti ìgbà tí àwọn baba yín ti lé e lọ, ẹ̀yin kò mọ ohun tí ojú mi rí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bú u, kò sí ẹni tí ń dáhùn. Afẹ́fẹ́ ni mo ń bú láti ọjọ́ yìí wá. Bí ẹ bá tún lé e, ta ni ẹ fẹ́ kí n máa bá jà?" Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ ẹlẹ́sẹ̀-jáde-ṣáájú yìí, wá bá mi kọ́ ilé ewúrẹ́." Mo bá a kọ́ ọ, ọwọ́ ara mi ni mo fi po amọ̀ rẹ̀.

Ẹ wò ó, oòrùn ti ń wọ̀. Ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ìyá Ìbídùn ti dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ yẹn, ẹ̀ ń gbọ́ ohùn rẹ̀: ìkookò ọ̀bùn, a-bìdí-wọlẹ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó dé ibi èèkàn. Ó ti dé e. Ẹ gbọ́ ẹni tí ń rẹ́rìn-ín nínú igbó? Ó ti dá a lóhùn. Ẹ dìde, kí olúkúlùkù lọ sé ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lé.